Ta ló ní dandan ni ẹ̀ka develop?

Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ kóòdù ní Kàbà níbí tún sọ ọ́ lójú mi: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ open source tí kò bá ní ẹ̀ka develop, iṣẹ́ ọmọdé ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Git ni irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú ìtàn kóòdù; ẹ̀ka ni ìlà iṣẹ́ tó ń lọ lọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Git Flow ni ìlànà tó ní kí iṣẹ́ tuntun kọ́kọ́ wọ ẹ̀ka develop kó tó dé main, ẹ̀ka àgbà. Ta ló sọ ọ́ di òfin fún iṣẹ́ open source, iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé?

Ẹ wo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Linus Torvalds tó ṣe Git ní 2005 ló ń bójú tó o, kò sì ní develop kankan. Fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ń gba iṣẹ́ tuntun sórí ẹ̀ka àgbà. Tí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn bá ti pé, ó di àtúnṣe nìkan: rc (ẹ̀yà ìdánwò) kan lọ́sẹ̀, títí dé rc7 tàbí rc8, kí ẹ̀yà tuntun tó jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń ya ẹ̀ka stable, tó wà fún àtúnṣe ẹ̀yà tó ti jáde, fún un, àtúnṣe kò sì gbọdọ̀ wọ stable àfi tó bá ti wà lórí ẹ̀ka àgbà. PostgreSQL, ètò ìtọ́jú dátà, náà ń bẹ: master kan (ẹ̀ka àgbà tiwọn), àti ẹ̀ka bíi REL_17_STABLE fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún 5. Ọmọdé dà níbẹ̀?

Vincent Driessen gan-an, tó gbé Git Flow jáde ní 2010, fi àlàyé kún un ní 2020 pé kì í ṣe oògùn gbogbonìṣe. Àwọn tó ń fi í búra kò kàwé dé ibẹ̀.

Wọ́n á ní develop ló ń dáàbò bo main. Irọ́. Àyẹ̀wò kí a tó merge, kí a tó da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, ló ń dáàbò bò ó.

Mo wà nínú iṣẹ́ kan tó ní develop, ìwé ìṣirò fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ń ṣírò èlé owó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún un ṣe lórí hotfix, ẹ̀ka àtúnṣe pàjáwìrì, wọ́n dà á sínú main, kò sẹ́ni tó dà á sínú develop. Ẹ̀yà tó tẹ̀ lé e jáde láti inú develop, èlé tún di méjì. Ìyá akápò kan pè wá láti Ìsánlú: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣebí ẹ ní ẹ ti tún un ṣe?"

Ó dáa, Git fúnra rẹ̀ ní next, ẹ̀ka ìdánwò iṣẹ́ tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ master. Ṣùgbọ́n wọn kì í da next sínú master. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti gbó ni wọ́n ń mú wọlé.

A ti pa develop yẹn rẹ́. Main ló kù, àti ẹ̀ka kan fún ẹ̀yà tí àwọn ẹgbẹ́ ṣì ń lò. Àtúnṣe á kọ́kọ́ wọ main, a ó wá cherry-pick rẹ̀, ìyẹn ni pé a ó mú òun nìkan, lọ sórí ẹ̀ka ẹ̀yà yẹn.