Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Ẹni tó bá ti bá wọn kí obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ kó tó pé ọjọ́ ìkómọ rí á ti gbọ́ òwe yìí. Àwọn àgbà á wọlé, wọn á jókòó, ọ̀kan nínú wọn á sì rọra sọ pé: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi náà ti pa á fún ẹnì kan rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹkún ò tíì jáde tán lójú rẹ̀ tí mo ti fi òwe dí i.

Ẹ jẹ́ ká wo agbè ọ̀hún fúnra rẹ̀. Èso ni, orí ilẹ̀ ló ń fà sí. Wọ́n á ha inú rẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, òun ni wọ́n fi ń pọnmi kí ẹ̀rọ omi tó dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, àfẹ̀mọ́júmọ́ làwọn ìyá wa ń jí lọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbọ́n ọn títí yóò fi kún. Ọmọ tó bá wá fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, tí omi yẹn dà sílẹ̀, ta ló máa sọ fún un pé omi lásán ni? Òwe náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn á kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló máa gbé agbè, á yí i po, á fọwọ́ kàn án kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ibi àyẹ̀wò yẹn ni ìbàlẹ̀ ọkàn wà lójú tèmi, kì í ṣe ibi kéèyàn má sunkún.

Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 12 lọ nígbà tí ogun kó ìlú wọn ní 1821. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837 pé òun gbèrò láti pa ara òun nígbà tí ẹ̀rù wọn bà á. Akíkanjú tí à ń yìn lónìí nìyẹn o. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ìyá ò sí, ilé ò sí, ṣùgbọ́n èdè tó gbé kúrò nílé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní 1843 ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ọdún náà ló sì di àlùfáà. Nígbà tó fi máa pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wojú ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Omi ọdún 25 ò ṣeé gbọ́n padà, kò sì sí èyí tó ṣe bí ẹni pé kò dà nínú àwọn méjèèjì.

Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, omi ti dànù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa: owó òwò run, ọmọ fi iléèwé sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ka èyí tó dànù fún yín ná. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ bá a yẹ agbè wò: ta ló ṣì ń tajà fún un láwìn, iṣẹ́ wo lọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń sùn? Bí agbè bá sì ti sán, tí ikú ń wu èèyàn bó ṣe wu Àjàyí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ bá dókítà. Igbá tó là náà, wọ́n máa ń fokùn rán an.

Obìnrin tí mo sáré pa òwe fún lọ́jọ́ náà, mo padà lọ bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò pa òwe. Ó sọ orúkọ tó ti ní lọ́kàn láti sọ ọmọ náà fún mi, ó tún un sọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun gbé ìkòkò ka iná, pé ebi ń pa òun.