Ṣé kí ọmọ mi gbèjà akólòlò tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìyá Mọ̀dínà, Tánkẹ̀: Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ọmọ mi wà ní JSS2. Ọmọkùnrin kan ń kólòlò ní kíláàsì wọn. Tí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kí ọmọ náà tó lè sọ "Present, sà", "p" á ti há sí i lẹ́nu. Ni gbogbo kíláàsì á bá gbè é: "p-p-p-p", wọ́n á máa lu désìkì sí i. Àwọn mẹ́ta kan ló ń darí wọn, wọ́n sì ti ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ọmọ mi ní, "Ummi, ṣé kí n dá sí i?" Mi ò mọ èsì tí mo máa fún un.

Bàbá Rọ́fíà, Gáà Àkànbí: Kó má dá sí i o! Ojú ọ̀nà ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dúró sí de èèyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbèjà ẹnì kan, orí òun gan-an ni wọ́n yí ìyà náà sí. Ẹni tí ọmọ náà gbèjà rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín, kí òun lè bọ́.

Tíṣà Ọ̀fà: Òótọ́ ni, Bàbá Rọ́fíà, wọ́n máa ń gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn mẹ́ta yẹn ń ṣe é fún? Àwọn tó ń lu désìkì ni. Àwọn olùwádìí kan fi kámẹ́rà ṣọ́ pápá ìṣeré ilé-ìwé ní Toronto, wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2001. Nínú ìgbà 100 tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìgbà 88, ìgbà 19 péré ni ẹnì kan dá sí i. Nígbà tí wọ́n bá sì dá sí i, ó lé ní ìdajì tó dáwọ́ dúró kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé.

Ìyá Ìbejì, Ajàṣẹ́: Toronto kọ́ ni Tánkẹ̀ o, Tíṣà. Níbí, ọmọ á lọ fẹjọ́ sùn, tíṣà á dé orí asẹ́ḿbílì, á ní lágbájá ló wá sọ fún òun. Láti ọjọ́ yẹn, olófòófó ni wọ́n á máa pè é títí á fi jáde.

Alfa Pákàtà: Ànábì ní ká ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà ṣe alábòsí, ìbáà ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàbòsí sí. Wọ́n bi í pé báwo làwọn ṣe máa ran alábòsí lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n dá a lọ́wọ́ kọ́.

Bàbá Rọ́fíà, Gáà Àkànbí: Alfa, mo gbà. Àmọ́ ṣé ọmọ JSS2 ló máa dá wọn lọ́wọ́ kọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni wọ́n wí, wọn ò ní ọmọdé.

Ọmọ Sángo: Èmi ń kólòlò títí dòní. Ẹni tó gbà mí nílé-ìwé kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn wá jókòó tì mí ni. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ "k-k-k" wọn, kì í rẹ́rìn-ín, kì í wẹ̀yìn, ojú mi lá máa wò títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Tí wọ́n bá lu aago oúnjẹ, a jọ ń jẹ wàrà díndín ni. Yẹ̀yẹ́ náà ò tán pátápátá, ṣùgbọ́n wọn ò gbowó mi mọ́, torí ẹni tó dá wà ni wọ́n ń wá. Ìyá Mọ̀dínà, ẹ ní kó pààrọ̀ ìjókòó. Kó má sì bá a parí ọ̀rọ̀ tó bá há sí i lẹ́nu o, ó máa ń dunni gan-an.

Ìyá Ìbejì, Ajàṣẹ́: Èyí wọ̀ mí létí. Owó tí wọ́n ń gbà ńkọ́?

Tíṣà Ọ̀fà: Ti owó kúrò lọ́rọ̀ ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò fàyè gba kí wọ́n fìyà jẹ ọmọ tàbí kí wọ́n dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn. Ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ má rán ọmọ.

Ìyá Mọ̀dínà, Tánkẹ̀: Ìyá ọmọ náà ń ta gààrí ní Ọjà Ọba, mo mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ó jọ pé kò tíì gbọ́. Mà á lọ bá a lọ́la, ká jọ lọ síléèwé. Ti ìjókòó, mo ti sọ fún ọmọ mi, ó ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Rọ́fíà, Gáà Àkànbí: Ẹ rí i pé wọn ò dárúkọ ọmọ yín níbẹ̀ o. Ti ìjókòó yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ máa lọ mú un fúnra yín tí wọ́n bá ti jáde.