Gìtá tó ní ojú jáàkì: ṣé dandan ni kí n ra kọ́ńbò mọ́ ọn?

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gìtá semi-acoustic ni mo fẹ́ rà, ìyẹn gìtá alápòótí tó ní pickup (ohun tó ń gba ìró okùn wọ wáyà) nínú àti ojú jáàkì nídìí. Gìtá ọ̀rẹ́ mi ni mo fi kọ́ ọ, ọwọ́ mi sì ti ń dá díẹ̀díẹ̀. Màá máa fi gbe orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, màá máa gbé e lọ fellowship ilé ní alẹ́ Ọjọ́rú, bí wọ́n bá sì pè mí síbi ìsọmọlórúkọ, n ò ní kọ̀. Owó ọwọ́ mi ò ju 300,000 náírà lọ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan tí mo yà ní Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó kọjá ní bí n ò bá ra kọ́ńbò (àpótí tó ní amplifier àti sípíkà nínú) mọ́ ọn, gìtá yẹn ò ní dún. Bí mo bá sì ní kí n ra méjèèjì, èyí tó gbẹ̀yìn nínú gìtá ibẹ̀ ni owó mi máa ká. Kí ni kí n ṣe?

Sáúńdì Gáà-Akánbí
Kò ní dún kẹ̀! Irọ́ ọjà nìyẹn. Pákó àyà gìtá àti ihò rẹ̀ ló ń mú un dún, iná kọ́. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni pickup inú rẹ̀ wà fún. Bọ̀dá Tíṣà, ẹ kó owó yín lé gìtá tó dára, kí ẹ wá ra DI box kékeré kan tì í. Ó dá mi lójú pé ṣọ́ọ̀ṣì yín ní míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn gbogbo máíkì pọ̀ lọ sí sípíkà. DI yẹn ló máa gba ohùn gìtá, táá sọ ọ́ di irú èyí tí míkísà ń gbà lẹ́nu máíkì, kí wáyà tó gùn má baà máa kó ariwo hùù wọlé. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ iná ni ẹ rà, míkísà fúnra rẹ̀ ló máa fún un ní 48 volt, ẹ ṣáà ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì phantom tó ń gbé iná yẹn wá. Ó parí. Kí lẹ tún ń fi kọ́ńbò ṣe?

Àdìsá Olókùn-Mẹ́fà
Ẹ̀yin onísáúńdì, mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti míkísà ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Èmi tí wọ́n fi sáàárín dọ́rọ́ọ̀mù àti gángan, kí ni mò ń gbọ́? Ìka mi nìkan ni mò ń wò. Ẹ ti gbé mọ́nítọ̀, sípíkà téèyàn fi ń gbọ́ ara ẹ̀, síwájú pásítọ̀ àti àwọn akọrin, kò kù síbì kan fún onígìtá.

Tíṣà, ẹ gbọ́ tèmi. Kọ́ńbò acoustic yàtọ̀ sí kọ́ńbò gìtá iná. Ojú méjì ló sábà máa ń ní, ẹ ki gìtá bọ ọ̀kan, ẹ ki máíkì bọ ìkejì, ẹ ti ní gbogbo ohun tí ẹ nílò fún fellowship inú pálọ̀. Ẹ wo Loudbox Mini ti Fishman, 60 watt ni, kò tóbi, ojú tó ń gbé ohùn lọ sí míkísà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú ara yín kí ẹ máa gbọ́ ara yín, kí onísáúńdì náà gba tiẹ̀ látẹ̀yìn. DI tí wọ́n ní kí ẹ rà lọ́tọ̀ ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn.

Sáúńdì Gáà-Akánbí
@Àdìsá, ẹ dárúkọ Fishman fún ẹni tó ní 300,000 lọ́wọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó ra kọ́ńbò, kó wá máa fi ẹnu kọ gìtá ni? 😂

Ọmọ Ọ̀ffà
Èmi ò rí ìdí ìjà yìí o. Ẹ lọ yá kọ́ńbò gìtá iná lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ki jáàkì bọ̀ ọ́. Jáàkì kan náà ni. Ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀ffà ni wọ́n bí I. K. Dairo sí, n ò gbọ́ pé àwọn àgbà onígìtá jókòó jiyàn acoustic àti àìsí acoustic kí wọ́n tó ṣeré.

Àdìsá Olókùn-Mẹ́fà
Ọmọ Ọ̀ffà, jáàkì bá ara mu, ohùn ò bá ara mu. Wọ́n ṣe sípíkà inú kọ́ńbò gìtá iná kó má gbé ohùn tíńrín-tíńrín jáde, torí ohùn yẹn máa ń há létí bí gìtá iná bá ń bú. Ohùn tíńrín yẹn gan-an sì ni adùn gìtá alápòótí. Ẹ bá ki tiyín bọ̀ ọ́, ó máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú garawa. Bí yíyá bá pọn dandan, ẹ yá kọ́ńbò píánò. Ìyẹn máa ń gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ jáde, ó sì tún sàn jù fún gìtá yìí.

Tó bá sì jẹ́ ti àwọn àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Àyìndé Bákàrè, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ajíkọ̀bí ní Ìlọrin níbí, ló kọ́kọ́ gbé iná wọ gìtá jùjú, ní 1949. Máíkì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara gìtá ló lò, gìtá alápòótí ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyẹn ni pé irú nǹkan tí Tíṣà fẹ́ rà yìí gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í sì í ṣe míkísà ṣọ́ọ̀ṣì ló kì í bọ̀.

Sáúńdì Gáà-Akánbí
Ṣé bàbá yẹn ra kọ́ńbò kó tó ní ẹgbẹ́ tó ń bá a ṣeré? Olórin tó ń gbowó òde ni. Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àjàsẹ́
Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo watt yìí, kò sẹ́ni tó dárúkọ iná nínú yín. Ọ̀mù-Àrán lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o. Ní alẹ́ Ọjọ́rú tí ẹ̀ ń wí yìí, bí wọ́n bá mú iná lọ, ta ló fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gìtá? Ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan á ti bo orin mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ń lo Roland AC-33, ó ń jẹ bátìrì kéékèèké AA mẹ́jọ, òun ló ń gbé káàkiri. Tòkunbọ̀ ló rà. Bí Tíṣà bá fẹ́ ra kọ́ńbò lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ èyí tó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́. Èyí tó ń gbára lé iná nìkan, kó fi sílẹ̀ fún àwọn ará Ìlọrin.

Àdìsá Olókùn-Mẹ́fà
Àǹtí, ará Ìlọrin wo ló ní iná? 🙄

Ọmọ Ìgbómìnà
Kọ́ńbò tàbí DI, méjèèjì lè dúró. Gìtá tí Tíṣà fẹ́ lọ rà lèmi ń wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Kò sóhun tó burú nínú pé kọ́ńbò wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: kẹ́ ẹ ki gìtá bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí ohùn sókè níwọ̀nba, kẹ́ ẹ ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára kan náà. Ẹ má tíì kọrin, ẹ má tíì mú kọ́ọ̀dù. Ẹ ṣáà máa tẹ́tí. Pickup tó wà nínú ọ̀pọ̀ gìtá báyìí jẹ́ pèlébé tín-ín-rín kan lábẹ́ egungun funfun tí okùn gùn lé. Bí egungun yẹn ò bá jókòó dáadáa lé e lórí, ẹ máa gbọ́ okùn márùn-ún ketekete, ẹ̀kẹfà á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lára gìtá kan ní Táíwò, ní Ìlọrin: okùn kẹta ò ju ẹni tó ń sín lábẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yọ jáàkì, okùn yẹn ń dún bíi tàwọn yòókù. Ẹni tó bá tà á láìki wáyà bọ̀ ọ́ ò lè mọ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè fá ìdí egungun náà kó tẹ́jú, àmọ́ kí ni ẹ fẹ́ fi owó tuntun ra ìyẹn ṣe?

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn tó nípọn jù àti irin kejìlá lára ọrùn gìtá. Bó bá ti ju mìlímítà 3 lọ dáadáa, ìka yín á jẹ ìyà. Ẹ ṣí ilé bátìrì, 9 volt ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ìpata bá ti wà lára irin rẹ̀, ó ti pẹ́ lórí igbá. Ẹ tan tuner (èyí tí wọ́n fi ń yí okùn sí ohùn tó yẹ) tó wà lára ẹ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Bátìrì yẹn, ṣé kì í tètè kú?

Ọmọ Ìgbómìnà
Bí ẹ bá ti ki jáàkì bọ ìdí gìtá, bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ẹ̀ báà ta okùn, ẹ̀ báà má ta á. Ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ lára ẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tó bá padà dé lálẹ́ Ọjọ́rú, ó lè jẹ́ òkú bátìrì ló máa bá. Ẹ máa yọ ọ́.

Sáúńdì Gáà-Akánbí
Ẹ tún fi ti híhu kún un o. Bí ẹ bá kọjú ihò gìtá sí sípíkà, ohùn tó jáde á tún padà wọ inú àpótí gìtá, ló bá di hùúùù, gbogbo ìjọ á dijú. Ẹ dúró sẹ́yìn sípíkà tàbí kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọrí rọ́bà kan wà tí wọ́n fi ń dí ihò àyà gìtá, owó rẹ̀ ò pọ̀. Bí bọ́tìnnì phase, tó ń yí ìgbì ohùn gìtá padà, bá wà lára gìtá yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá híhu yẹn á dín kù. @Àdìsá, kọ́ńbò tí ẹ ní kó gbé síwájú ara ẹ̀ yẹn, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ hu.

Àdìsá Olókùn-Mẹ́fà
Òun kọ́, bó bá gbé e sísàlẹ̀ lápá kan tí kò kọjú sí ihò. Ọmọdé ni wọ́n ń kọ́ bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Àjàsẹ́
Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà o, ẹ má gbàgbé. Ọyẹ́ tó ń ya ètè èèyàn ò ní ṣàánú pákó. Kànìnkànìn tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún gbẹ dáadáa, ẹ fi sínú ike ọṣẹ tí ẹ ti lu ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ kó o sínú àpò gìtá pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má gbé gìtá sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án.

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màá padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, gìtá àti DI ni màá rà. Kọ́ńbò bátìrì á di lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, bí tòkunbọ̀ tó dára bá yọjú.

Àdìsá Olókùn-Mẹ́fà
Ó dáa, ẹ gba ti Sáúńdì. Àmọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ má jókòó sábẹ́ àtíbàbà níta. Ẹ wọ pálọ̀, kí ẹ kẹ́yìn sí ògiri, kí ohùn rí ibi gbà padà. Ẹ sì fi owó wáyà pamọ́ o: mítà mẹ́ta kì í dé ibi kankan.

Sáúńdì Gáà-Akánbí
Mẹ́fà ni kó rà. Ibi tí a fohùn ṣọ̀kan nìyẹn.