Hank Aaron ju ìlà kan lọ
Ẹ ṣeun fún ìròyìn yín lórí béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá béésíbọ́ọ̀lù tí ẹ kà sílẹ̀, ìlà kan péré lẹ fún Hank Aaron, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú: pé ó kọjá Babe Ruth, aláwọ̀ funfun tó ti gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá jù lọ ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó kọjá ńkọ́?

Nígbà tí ìdíje ọdún 1973 parí, Aaron ti gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá ní ìgbà 713. Ti Ruth jẹ́ 714. Ẹyọ kan ló kù kó bá a dọ́gba, ó sì di dandan kó dúró di ọdún kejì. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni lẹ́tà ń ya wọlé: àwọn kan ń bú u, àwọn kan ní àwọn máa pa á, torí pé aláwọ̀ dúdú fẹ́ gba ipò aláwọ̀ funfun. Kò da àwọn lẹ́tà náà nù, ó tọ́jú wọn ni.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1974, ní Atlanta, Al Downing, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, ju bọ́ọ̀lù sí i, Aaron sì gbá a fò kọjá ògiri. 715! Bó ṣe sáré yí pápá ká tán, ìyá rẹ̀, Estella, dì mọ́ ọn pinpin. Omi máa ń bọ́ lójú mi níbẹ̀ bí mo bá ń wo fídíò náà. Abiyamọ ni, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti lérí láti pa ọmọ òun.

755 ló ní nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1976. Lóòótọ́, agbábọ́ọ̀lù mìíràn, Barry Bonds, kọjá rẹ̀ ní 2007. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ìyá yẹn kún ìròyìn yín.