Kì í Ṣe Pápá Ló Gba Ilẹ̀ Mọ́ Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ Ilé àti Gbàgede Láàrin Ìlú Aspen

Bí ìgbìmọ̀ ìlú ìgbafẹ́ kan bá ti sọ pé òun fẹ́ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ sí ààrin ìlú, àríyànjiyàn kan náà ni yóò bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan yóò ní ilẹ̀ kò tó, pé ilé tí wọ́n bá kọ́ fún alásè, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì yóò jẹ gbàgede tí ará ìlú ti ń gba atẹ́gùn. Àwọn mìíràn yóò fèsì pé ẹni tó ń dáàbò bo koríko nígbà tí òṣìṣẹ́ ń sùn sínú ọkọ̀ kò láàánú lójú. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìhà méjèèjì gba ohun kan náà gbọ́: bí ọ̀kan bá fẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ sún kì. Mo fẹ́ fi ìlú Aspen ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ kò fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti lé ní 40 ọdún tí ìlú náà ti ń ṣe méjèèjì pọ̀, àṣeyọrí àti àléébù rẹ̀ sì wà lójútáyé.

Inú àfonífojì tóóró ni Aspen wà, òkè yí i ká, nítorí náà kò ṣòro láti gbà pé ilẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Fàdákà tí wọ́n ń wà ló mú kí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí ọdún 1880. Nígbà tí owó fàdákà já wálẹ̀ ní 1893, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, tó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1930, iye tó kù níbẹ̀ kò tó 1,000. Eré yíyọ̀ lórí yìnyín, tí wọ́n sọ di òwò ńlá níbẹ̀ ní ìgbà òtútù 1946 sí 1947, ló jí ìlú náà dìde. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka 7,004 ènìyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta ilé adádúró kan, bí a bá pín in dọ́gba, ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Kò sí olùkọ́ tàbí agbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí yóò fi owó oṣù rẹ̀ ra irú ilé bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n kọ́ ọ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn gbàgede náà fúnra wọn, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà fún wọn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Pápá Rio Grande tó wà lẹ́bàá odò Roaring Fork, ọgbà réluwè ni tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Marolt ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, níbi tí koríko ti ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń yọ fàdákà kúrò lára òkúta wà ní àwọn ọdún 1890, kó tó di oko. Apá tí ọkọ̀ kì í gbà lára òpópónà Cooper, Hyman àti Galena, ọdún 1976 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìrìn ẹsẹ̀. Ìpinnu ènìyàn ló dá gbogbo wọn. Ní etí ilẹ̀ Marolt yìí gan-an ni Marolt Ranch wà, ibùgbé kan tí ilé inú rẹ̀ tó nǹkan bí 100, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjọ̀dún orin Aspen ń gbé nígbà ooru, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà òtútù sì ń gbà lọ́wọ́ wọn nígbà tí yìnyín bá dé. Ilé òṣìṣẹ́ mìíràn, Truscott, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù ìlú. Ilé méjèèjì yìí ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pápá sì wà níbi tó wà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ìwé ìjọba pè ní gbàgede ló wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà kan wà tí òfin ìkọ́lé Aspen béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣòwò sí ààrin ìlú fi apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ohun tí àwọn kan lára àwọn onílé ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ àgbàlá tó rì sísàlẹ̀ ojú títì, kí wọ́n lè rí ṣọ́ọ̀bù gbà sí i lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ kì í ya ibẹ̀, oòrùn ìgbà òtútù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò. Bí a bá fi okùn wọn ilẹ̀ tó ṣófo nìkan, a ó ní ìlú náà kún fún gbàgede. Bí a bá wo ibi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀.

Bí ilẹ̀ bá wọ́n lóòótọ́, ó yẹ ká béèrè ohun tó gbé e dání. Ọkọ̀ kan tó dúró sójú kan, pẹ̀lú ọ̀nà tí yóò gbà wọlé àti èyí tí yóò gbà jáde, ń gba nǹkan bí 30 mítà onígun mẹ́rin, ìyẹn sì súnmọ́ ìwọ̀n ilé oníyàrá kan tí òṣìṣẹ́ ìgbà òtútù lè gbé. Nígbà tí Aspen fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìgbọ́kọ̀sí láàrin ìlú, àwọn kan jókòó sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń fun fèrè láti fi ẹ̀hónú hàn. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1995, ṣùgbọ́n nígbà tí ará ìlú dìbò lé e lórí ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tó fara mọ́ ọn tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ti rí i pé àwọn tí kì í gbé ọkọ̀ kúrò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti wá ibòmíràn gbà. Òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé ni gbàgede Galena Plaza wà lónìí: ọkọ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, ènìyàn ń bẹ lókè. Síbẹ̀, bí àríyànjiyàn ilé òṣìṣẹ́ bá dé, orí pápá ni wọn yóò tún gbé e lé, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ ọkọ̀. A fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ohun kejì tó ń gba àyè láàrin ìlú ni ilé àwọn tí kì í gbé ibẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá tún ilé ìṣòwò kọ́ máa ń fi ilé gbígbé olówó gọbọi dé e lórí, nítorí èrè tó wà nínú rẹ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Àwọn tó ra irú rẹ̀ lè wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún, kí wọ́n sì fẹjọ́ ariwo ilé ọtí ìsàlẹ̀ sùn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n wá náà. Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìlú pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tuntun sí àárín gbùngbùn ìlú mọ́, wọ́n sì dín gíga ilé ibẹ̀ kù sí ẹsẹ̀ bàtà 28, èyí tó tó ilé alájà méjì. Apá àkọ́kọ́ àṣẹ yìí tọ́ lójú tèmi. Apá kejì ni mo rò pé ó ṣèdíwọ́, nítorí orí àjà kẹta tí wọ́n gé kúrò ni àwọn òṣìṣẹ́ ìbá gbé, láìfọwọ́ kan koríko ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ìgbàgbọ́ pé ilé òṣìṣẹ́ àti gbàgede ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ti kùnà jù lọ ni pé ó ka ilẹ̀ sí ohun tó ń sọ ilé di ti òṣìṣẹ́. Ìwé ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1982 ni ìlú Aspen àti ìjọba ìbílẹ̀ Pitkin ti dá àjọ kan sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní APCHA, láti bójú tó ilé àwọn òṣìṣẹ́, ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí sì lé ní 3,000. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 1,500 lọ́dún ní àgbègbè Pitkin, ó gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé náà fún oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ní ilé mìíràn ní àfonífojì náà. Bí ó bá fẹ́ tà á, iye tó lè fi lé e ní òté, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò rà á. Bí wọ́n bá fún ìlú ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tó tó ìlọ́po mẹ́wàá, tí wọ́n kọ́ ilé kún un láìsí irú àdéhùn wọ̀nyí nínú ìwé ilé, àwọn olówó láti New York àti Texas ni yóò rà á tán. Ìlú Vail, tó wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, tilẹ̀ ní ètò kan tó ń jẹ́ InDEED, tí ìjọba ìlú fi ń sanwó fún àwọn onílé kí wọ́n lè kọ irú àdéhùn yìí sínú ìwé ilé tó ti wà nílẹ̀. Ilé ń di ti òṣìṣẹ́ níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan.

Àdéhùn wọ̀nyí náà ní ìṣòro tiwọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ilé APCHA ní àwọn ọdún 1980 ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti máa gbé inú rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ti kúrò nílé, yàrá sì ṣófo. Ara ohun tó ń fa ọ̀wọ́n ilé nìyẹn, pápá kò sì lọ́wọ́ sí i.

Owó ilé òṣìṣẹ́ àti owó gbàgede náà kò lé ara wọn kúrò. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ra ilé ní Aspen, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 100,000 dọ́là àkọ́kọ́, ń lọ sínú àpò ilé òṣìṣẹ́. Irú owó orí kan náà ni Vail dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n pápá àti gbàgede ni wọ́n fi ń rà níbẹ̀. Ohun tó dí àwọn ìlú yòókù lọ́wọ́ ni àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ Colorado ní 1992, èyí tó fòfin de dídá irú owó orí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun. Kìkì àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ló ń gbà á lọ. Ìdí nìyí tí a kò fi lè bú ìlú tó bá kùnà lónìí ní Colorado bí ẹni tí kò gbọ́n tó Aspen.

Èmi kò sọ pé ìjà kì í ṣẹlẹ̀ rárá. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ìlú Vail dìbò láti fi agbára ìjọba gba ilẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí ilé iṣẹ́ Vail Resorts fẹ́ kọ́ ilé òṣìṣẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni agbo àgùntàn igbó oníwo ńlá ti máa ń jẹko nígbà òtútù. Níbẹ̀, yíyàn ni lóòótọ́, ẹni méjì tí orí wọn pé sì lè yàn yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òkè nìyẹn. Kò sí àgùntàn igbó tó ń jẹko ní ìdí ilé ìfowópamọ́ láàrin ìlú.

Àwọn tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ pápá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́ máa ń yí i padà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbé ìsàlẹ̀ àfonífojì, ní Carbondale tàbí Glenwood Springs, kí wọ́n máa wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tó ń rìn lójú ọ̀nà náà láti 2013 dára púpọ̀, òun sì ni wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sì ayára àkọ́kọ́ ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n láti Glenwood Springs dé Aspen tó nǹkan bí 64 kìlómítà, ọ̀wọ́n ilé sì ti tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá dí ojú ọ̀nà, nọ́ọ̀sì kò ní í dé lásìkò.

Ìlú Whistler ní Kánádà gba ọ̀nà mìíràn. Orí àkìtàn àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ààrin ìlú rẹ̀ sí ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n rọ ọkọ̀ sábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fi òkè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ìlú náà fi òté lé iye ibùsùn tí wọ́n lè kọ́ kí igbó má bàa tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún dá àjọ ilé òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní 1997, pẹ̀lú èròǹgbà pé ó kéré tán, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò máa gbé inú ìlú. Àwọn ilé tí àwọn eléré ìdárayá Òlíḿpíìkì lò ní 2010 di ti àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìdíje náà. Àwọn tó ń dúró de ilé ní Whistler ṣì pọ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n àdúgbò tí wọ́n ń dúró láti wọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ àkìtàn kejì tí ìlú náà tì pa ni wọ́n kọ́ ọ sí.