Bóòtù mẹ́jọ ló gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, ó ti sú mi!

Ẹ gbà mí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi sọ́fíwià ya assembly (ẹ̀yà púpọ̀ tí wọ́n tò pọ̀) tó ní configuration púpọ̀ (oríṣi púpọ̀ nínú fáìlì kan), ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ yìí, torí mo ti ń mú un mọ́ra tipẹ́, ara ò gbà á mọ́. BOM náà, tábìlì orúkọ ẹ̀yà àti iye wọn tó máa ń wà lórí àwòrán, ló tún ṣe é. BOM náà ni nígbà gbogbo.

Férémù kan ni mo yà, èyí tí wọ́n máa gbé mọ́tò lé. Oríṣi gígùn mẹ́ta ló ní, mọ́tò lè wà lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún, ó lè ní ìbòrí, ó sì lè má ní. Ẹ ṣírò ẹ̀, méjìlá nìyẹn. Méjìlá nínú fáìlì kan ṣoṣo, drawing (ìwé àwòrán) kan, tábìlì BOM kan tó ní kọ́lọ́ọ̀mù iye fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í. Mo fi Excel to design table ẹ̀, ìyẹn tábìlì tó ń darí oríṣi méjèèjìlá náà, mo ka gbogbo bóòtù níkọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi bíírò pupa máàkì ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó pé. Mo fi í sínú fódà tí wọ́kíṣọ́ọ̀bù ti ń mú iṣẹ́, mo lọ sùn.

Kò pé ni fóònù dún. Ẹni tó ń to férémù ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, bóòtù tẹ́ ẹ ní ká lò yìí ò dé ibi tó ń lọ o." Mo ní báwo? Ó ní kí n sáà máa bọ̀.

Mo débẹ̀, ó ti to gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ dè mí. Irin pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn 12 mm, wáṣà kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, 2 mm 2 mm, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 28 mm. Bóòtù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, M10×30, ìyẹn ni pé ó nípọn 10 mm, ó gùn 30 mm. 2 mm péré ló yọ lódì kejì! Nọ́ọ̀tì nìkan ga ju 8 mm lọ. Ó gbé nọ́ọ̀tì lé e lójú mi, ó yí i bí ẹ̀ẹ̀kan, ó mú un, ó fi ìka ta á báyìí, nọ́ọ̀tì já bọ́ sílẹ̀. Ó wá wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ìwò yẹn dùn mí ju èébú lọ.

M10×40 ni mo fi síbẹ̀! Ẹ ṣí model, férémù tí mo yà sínú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wò ó, 40 ló wà níbẹ̀ dòní. Férémù yẹn ń jẹ 16 tó jẹ́ M10×30 àti 8 tó jẹ́ M10×40. Ìlà méjì ni wọ́n wà nínú ìwé tí mo máàkì, ìwé ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú bíírò pupa lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wa ti ṣí drawing yẹn lẹ́yìn mi, ó fẹ́ fi nǹkan kékeré kan kún un, tábìlì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá pa á rẹ́, ó fi tuntun sí i. Tuntun yẹn wá rí i pé 30 àti 40 jẹ́ configuration fáìlì bóòtù kan náà, ló bá kó wọn pọ̀ sójú ìlà kan, ó kọ 24 síwájú wọn, ó mú orúkọ ti àkọ́kọ́ ó fi pe gbogbo wọn. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò pọ́n, kò dún. Ojú ìwé mọ́ tónítóní. Ẹni tó lọ ra ọjà ra 24 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un, kí ló fẹ́ ṣe?

Mi ò tiẹ̀ bínú sí ẹni tó pa tábìlì rẹ́. Ibi tí wọ́n tọ́jú bọ́tìnì tó ń ya 30 àti 40 sọ́tọ̀ sí nínú sọ́fíwià náà, bí ẹni kò bá ti jìyà ẹ̀ rí, kò lè mọ̀ pé ó wà.

Nọ́ńbà náà tún bàjẹ́. Balloon 9, ìyẹn àmì róbótó tí nọ́ńbà 9 wà nínú ẹ̀ lórí àwòrán, ń tọ́ka sí bracket (irin ìdìmú), ẹ wá wo 9 nínú tábìlì, wáṣà ni! Àwọn méjì kan wà tí kò ní nọ́ńbà rárá, àmì ìràwọ̀ ló wà nínú wọn. Odidi ISO 6433, ìlànà àgbáyé, ni wọ́n kọ torí bí nọ́ńbà ìtọ́kasí ṣe gbọ́dọ̀ wà lórí àwòrán, kí ẹni tó ń to iṣẹ́ lè rí ohun tó ń wá, sọ́fíwià wá lè tún gbogbo nọ́ńbà kà lóru, kó má sọ fún ẹnì kan?

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà láti tún un ṣe, ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ìnjì ìbòrí tí mo fi kún un kẹ́yìn, configuration tí mo wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan ló wọ̀. Àwọn yòókù, ó ti suppress ẹ̀, ìyẹn ni pé ó yọ ọ́ kúrò nínú wọn. Dáàṣì ló wà níbi iye. Ìbòrí wà, ìnjì ò sí, ṣé afẹ́fẹ́ ló máa gbé e dúró ni? Apá kan tún wà tí orúkọ ẹ̀ nínú kọ́lọ́ọ̀mù part number jẹ́ "Default". Default! Ta ló fẹ́ lọ ra Default? Kẹ́ ẹ má sì sọ pé kí n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ o, torí ẹ bá ti fọwọ́ tẹ nǹkan sínú tábìlì yẹn, okùn tó so ó mọ́ model ti já nìyẹn, ẹ yí model títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ò ní yí. Èmi ti rí drawing tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti jókòó síbẹ̀ ọdún méjì báyìí.

Ọ̀gá wa bá dé, wọ́n ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń kà á ni?" Ẹ gbọ́ o! Wọ́n lè mú kàlámù kí wọ́n wá bá mi kà á, kí wọ́n rí ìgbà tí àwọn máa dìde.

Ohun tó ń dùn mí wọra ni pé sọ́fíwià yìí MỌ̀. Òun ló gbé 40 sínú ihò, òun ló mọ̀ pé 30 kò lè dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ń wá lójú lójú, inú ẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n tó bá dórí ìwé tí ẹlòmíràn máa fi náwó, á di odi.

Ó gbọ́dọ̀ ké. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Bí ìlà méjì bá di ọ̀kan, kó ké. Bí iye bá di òfo, kó ké. Bí nọ́ńbà bá yí lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí drawing, kó ké, kó má sì gbà fún ẹnikẹ́ni láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é, àwọn ló mọ̀.

Configuration márùn-ún ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kà. Mo ń lọ kà á.