Ọwọ́ Ọmọdé, Ọwọ́ Àgbà, Nínú Kíláàsì Yunifásítì

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Ọrùn kèrègbè há, ikùn rẹ̀ fẹ̀, ohun tó bá já sí i, ọmọ ló ń bá àgbà yọ ọ́. Ohun tó wà lókè pẹpẹ, àgbà ló ń bá ọmọ gbé e. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa nílò òwe yìí gan-an lórí ọ̀rọ̀ fóònù.

Lójú olùkọ́, pátákó ìkéde ni gúrúùpù WhatsApp: ó ju iṣẹ́ sí i lálẹ́ Fúráìdè, ó fẹ́ gbà á láàárọ̀ Mọ́ńdè. Lójú akẹ́kọ̀ọ́, ibi ìtàkùrọ̀sọ ni: ó béèrè ọ̀rọ̀ ní aago mọ́kànlá òru, ó rí i pé olùkọ́ ti kà á, èsì kò wá, ó gbà pé wọ́n fojú tẹ́ òun. Kò sí ọ̀daràn níbẹ̀. Wọn ò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí wọ́n fẹnu kò sórí wákàtí ìdáhùn àti iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà, kí ó wà lákọsílẹ̀.

Zoom ọ̀fẹ́, ètò ìpàdé orí fóònù, kì í gbà ju ènìyàn 100 lọ, ìṣẹ́jú 40 ló sì ń já. Bí kíláàsì bá jẹ́ 300, igba ènìyàn wà níta nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n sá ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohùn kì í jẹ dátà bíi fídíò.

Iṣẹ́ àfọwọ́kọ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ya fọ́tò lábẹ́ gílóòbù, òjìji orí rẹ̀ bo ìlà mẹ́ta, WhatsApp tún fún fọ́tò náà pọ̀, lẹ́tà di bàìbàì, olùkọ́ fún un ní òdo. Ojú ọ̀sán, lẹ́bàá fèrèsé, ni kí ó ti ya á. Kí ó lo Scan inú Google Drive, kí gbogbo ojú ewé di PDF kan, kí ó fi nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Kèrègbè nìyí: kí ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n fi han olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibí lẹ máa tẹ̀."

Pẹpẹ ni ọ̀rọ̀ ChatGPT, ètò orí ẹ̀rọ tó ń kọ èsì sí ìbéèrè, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ó lè to orúkọ ìwé márùn-ún kalẹ̀, kí méjì má sí láyé rárá. Olùkọ́ tó ti ń ka ìwé ẹ̀kọ́ náà láti ogún ọdún á fura kíá. Ọmọ ọdún kejì kò lè mọ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ sọ pàtó ohun tí wọ́n lè fi í ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ so fọ́tò ojú ewé ìwé kọ̀ọ̀kan tó tọ́ka sí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì rú olùkọ́ lójú, kí ó pè é, kí ó ní kó fẹnu ṣàlàyé ìpínrọ̀ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó.